Bí Mo Ṣe Da Orin Keje Rú Mọ́ Ìyá Bọ̀sẹ̀ Lọ́wọ́

Ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ẹnu mi fà sí mi lọ́rùn nígbà Kérésì tó kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in dáadáa. Èmi náà ti rín in títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ̀rín ò sí lẹ́nu mi rárá!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé Ìtòkú ni èmi Ìyá Rúkà ti ń ta kàm̀pálà àti àdìrẹ láti ìgbà tí Rúkà ti wà lẹ́yìn mi. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ mí, ẹ ti mọ̀ mí báyìí. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà. Tíṣà ló lé mi jáde, ó ní mò ń bá òun jiyàn jù. Ẹnu yẹn náà ni mo fi ń tajà jẹun títí dòní, tíṣà ọ̀hún sì ti wá ra aṣọ lọ́wọ́ mi rí.

Ẹgbẹ́ olórin kan wà ní Abẹ́òkúta níbí, Ògùn Brothers ni wọ́n ń jẹ́. Wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Wọn kì í tiẹ̀ ṣe brother ẹnikẹ́ni mọ́, bàbá àgbà ni gbogbo wọn. Rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń kọ. Bẹ́ẹ̀ ni o, rọ́ọ̀kì! Gìtá oníná, ìlù ńlá òyìnbó, àti ariwo tó lè jí òkú. Ẹ má bi mí bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, abẹ́ òkúta la ṣáà ń gbé. Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, ṣòkòtò wọn fẹ̀ nísàlẹ̀ bí agbada ìdáná, irun wọn sì ga bí òkìtì. Nísinsìnyí, irun ti lọ, ṣòkòtò ti fún, ṣùgbọ́n gìtá ṣì wà.

Bàbá Olókùn Mẹ́fà ni ọ̀gá wọn. Okùn mẹ́fà tó wà lára gìtá rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ tó bá gbé gìtá yẹn kọ́rùn, àfi bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ìyàwó.

Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ kejì Kérésì, ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n máa ń ṣeré ní gbọ̀ngàn kan lọ́nà Ìbarà. Mùsùlùmí ni mí o, ṣùgbọ́n Kérésì ti Ògùn Brothers, gbogbo wa la ni ín.

Orin méjìlá ni wọ́n máa ń kọ. Orin méjìlá kan náà! Bí wọ́n ṣe tò ó tẹ̀ léra nígbà tí mo ṣì ń ṣe ọmọge, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń tò ó títí dẹ̀yìn ìgbà tí mo di ìyá àgbà. Kò yẹ̀ rí. A mọ̀ ọ́n bí a ṣe mọ ọ̀nà ilé wa. Orin kìíní, wá àga. Orin kẹta, dìde kí o jó. Orin kẹrin, jáde lọ ra bọ̀ọ̀lì lẹ́nu ọ̀nà, torí pé orin yẹn gùn, ó sì ń fà bí ilá. Orin kẹwàá, tètè lọ tọ̀, torí tó bá fi di ìkọkànlá, ìlà ilé ìtọ̀ á ti gùn dé títì.

Orin keje wá ni baba gbogbo wọn. Òun ni orin jẹ́jẹ́. Wọ́n á pa iná díẹ̀díẹ̀, gìtá á máa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ọkùnrin tó bá ní obìnrin kan lọ́kàn á dìde níṣojú gbogbo ayé, á lọ na ọwọ́ sí i. Bí obìnrin bá gba ọwọ́ yẹn, tí wọ́n sì jọ jó, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, kò tún sí àlàyé kankan. Láàárín àwa ará Ìtòkú, bí ọmọbìnrin bá ní òun ti rí ẹnì kan, ohun tí ìyá rẹ̀ á kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ṣé ó ti bá ẹ jó orin keje?" Èmi gan-an, orin keje ni bàbá Rúkà fi mú mi. Ó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí orin tó parí. Mo ṣì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo bí wàhálà ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ó ku bí oṣù méjì kí Kérésì dé, ni Bàbá Olókùn Mẹ́fà yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, òun àti Bàbá Táyé tó ń bá wọn lu ìlù. Wọ́n fẹ́ ra aṣọ tí ẹgbẹ́ máa wọ̀ lọ́jọ́ eré. Mo tẹ́ oríṣiríṣi sílẹ̀ fún wọn. Bàbá wò ó títí, ó yínmú. Ó ní irú èyí làwọn wọ̀ lésìí, irú rẹ̀ náà làwọn wọ̀ lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn, ṣé kò sí àrà tuntun kankan ni?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu mi yún mi! Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń kọ orin kan náà láti ìgbà tí mo ti ń ṣe ọmọge, ẹ̀yin lẹ wá ń béèrè àrà tuntun lọ́wọ́ mi?"

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní orin kì í ṣe aṣọ. Ó ní ohun tí èèyàn mọ̀ ló ń tìtorí ẹ̀ jáde nílé, pé bí òun bá kọ ohun tí wọn ò mọ̀, omi inú ọ̀rá ni wọ́n máa fi sọ òun lókò. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n Lemọ́ọ̀mù wa gan-an, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń yí wáàsí rẹ̀ padà.

"Ṣé ó máa ń yí iye ràkáà padà?"

Háà! Onígbàgbọ́ ni bàbá yìí o, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì pátápátá, òun ló wá fi ràkáà dá mi lóhùn! Ibẹ̀ ló yẹ kí ọlọ́gbọ́n ti dákẹ́. Ṣé mo wá dákẹ́? Mo ní, "Bàbá, ìrun ò jọ eré. A kì í jáde lọ ra bọ̀ọ̀lì láàárín ìrun. Àmọ́ bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ orin kẹrin yín, ìdajì gbọ̀ngàn ló ń dà síta."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Orin kẹrin?"

"Orin kẹrin ni, Bàbá."

Ó ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo ní ojú mi ni, ẹsẹ̀ mi náà sì ni ẹlẹ́rìí, torí pé èmi ni mo máa ń ṣáájú wọn dé ìdí ààrò.

Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò mọ̀! Orin kẹrin yẹn, ìyá rẹ̀ tó ti kú ni bàbá yìí kọ ọ́ fún. Tó bá ti ń kọ ọ́, ó máa ń di ojú méjèèjì. Láti ọdún gbọọrọ yìí, gbogbo ìdákẹ́jẹ́ tó ń gbọ́, ó rò pé orin ló wọ̀ wá lára. Kò mọ̀ pé àga òfìfo lòun ń kọrin fún!

Ó yíjú sí Bàbá Táyé. Ó ní ṣé òótọ́ ni? Bàbá Táyé wo ilẹ̀, ó wo òkè àjà, ó wo àdìrẹ mi bí ẹni tó fẹ́ rà á. Nígbà tó yá, ó ní, "Ọ̀gá, òótọ́ ni. Èmi náà ì bá jáde, igi ìlù ló wà lọ́wọ́ mi."

Bàbá Olókùn Mẹ́fà na ọwọ́ sábẹ́ òkìtì aṣọ, ó fa ọ̀kan yọ, ó ní kí n dì í fún òun. Ẹ mọ èyí tó mú? Irú èyí tí wọ́n wọ̀ lésìí gan-an! Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i lórí àtẹ mi. Oníbàárà á ní tuntun lòun ń wá, ọwọ́ rẹ̀ á lọ bá èyí tó mọ̀. Ó yẹ kí n ti fi ìyẹn kọ́gbọ́n. Àmọ́ ẹni tí inú rẹ̀ ń dùn pé òun borí nínú ìjiyàn, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè kọ́gbọ́n?

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. Ó ní, "Ìyá Rúkà, lọ́dún yìí, ẹnikẹ́ni ò ní mọ èyí tó kàn. Bọ̀ọ̀lì yẹn á jóná sórí ààrò." Ó bá tirẹ̀ lọ. Inú mi dùn bí ẹni tó tún ìlú ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú Ìyá Bọ̀sẹ̀ wọlé.

Ọ̀rẹ́ mi ni. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù tèmi àti tirẹ̀. Opó ni, ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ti pẹ́. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ lòun ń ṣe ní tirẹ̀: á ro láfún bí ẹ̀kọ, á fi ìyẹ́ adìẹ yà á sára aṣọ, á jẹ́ kó gbẹ, kó tó rì í sínú aró. Bàbá àgbẹ̀ kan, láti abúlé kan lẹ́bàá Ọ̀dẹ̀dá, ló ń gbé láfún wá fún un. Mi ò fojú kan bàbá náà rí, torí pé kí n tó dé ọjà ló máa ń ti wá tó máa ń ti lọ. Ṣùgbọ́n láfún rẹ̀, mo máa ń rí i. Láfún ọ̀hún ń pọ̀ sí i! Àpò kan di àpò kan ààbọ̀. Nígbà tó yá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bá a wá. Nígbà tó tún yá, òkété yíyan ń bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá. Mo bi Ìyá Bọ̀sẹ̀ pé ṣé òkété náà ni wọ́n fi ń ya àdìrẹ láyé òde òní ni. Ó ní kí n lọ jókòó ti ọjà mi.

Àárọ̀ ọjọ́ eré gan-an ló wá bá mi nílé, ó tilẹ̀kùn mọ́ wa. Ó mú mi búra kó tó lanu. Ó ní bàbá oníláfún, Ògúndélé ni orúkọ rẹ̀, aya òun náà ti kú, àwọn méjèèjì sì ti gbà láti fẹ́ ara wọn. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni àwọn ọmọ. Bọ̀sẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì ti Èkó wá ṣọdún, wọ́n sì ti parí ìpàdé wọn láìpe ìyá sí i. Wọ́n ní ìyá ti dàgbà jù láti máa ti ọwọ́ bọ aró. Lọ́jọ́ kejì ọdún tuntun, àwọn á gbé e lọ sí Èkó, kó máa bá àwọn wo ọmọ, kí wọ́n sì gba ṣọ́ọ̀bù kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní ṣé kò lè la ẹnu sọ fún wọn pé òun ti rí ọkọ ni? Ó ní bí òun bá ti fẹ́ sọ ọ́ ni ahọ́n òun á lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Bàbá Ògúndélé ńkọ́? Ó ní ìyẹn tún burú jù! Bàbá lè bá iṣu sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ti pé mẹ́ta, ẹnu rẹ̀ á pa dé.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú orin keje. Àwọn ọmọ náà mọ ohun tí orin keje jẹ́, orí ẹ̀ ni bàbá wọn gan-an ti fẹ́ ìyá wọn. Bí wọ́n bá rí ìyá wọn tó gba ọwọ́ ọkùnrin lórí orin keje, níṣojú gbogbo Ìtòkú, ta ló máa sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan? Bàbá Ògúndélé ò gbọ́ orin Ògùn Brothers rí láyé ẹ̀, nítorí náà Ìyá Bọ̀sẹ̀ kọ́ ọ pé kó máa kà á. Tí wọ́n bá parí ìkẹfà, kó dìde. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìkeje, kó máa bọ̀.

Mo ní, "Ìyá Bọ̀sẹ̀, látọjọ́ yìí, o ò sì sọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ fún ẹ, wàá ti fún bàbá yẹn lórúkọ kí ilẹ̀ tó ṣú."

Irọ́ kọ́. Lọ́kàn mi, mo ti ń pè é ní Bàbá Olókété.

Ìgbà tí ẹ̀rín tán lẹ́nu mi ni mo wá rántí. Yéè! Orin keje! Bàbá Olókùn Mẹ́fà ti ní ẹnikẹ́ni ò ní mọ èyí tó kàn lọ́dún yìí!

Ṣé ẹ rò pé mo sọ fún un? Ojú tì mí. Mo kàn ní mo fẹ́ tètè dé gbọ̀ngàn, mo fò sórí ọ̀kadà. Mo bá Bàbá Olókùn Mẹ́fà níbi tó ti ń fa okùn gìtá rẹ̀ le. Mo kúnlẹ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó fi orin keje sáyè ẹ̀, yòókù ni kó dàrú. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo aṣọ tó ń ṣí. Ó ní ṣé èmi kọ́ ni mo ní àwọn ò ní àrà tuntun? Ó ní kí n sọ ìdí tó fi yẹ káwọn fi í síbẹ̀, kí n sọ ọ́ báyìí. Ìdí wà lẹ́nu mi o, àmọ́ mo ti búra! Ẹ wò ó, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí mo pa àṣírí mọ́ láyé mi, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n tú u!

Nígbà tó fi máa di agogo mẹ́rin, gbọ̀ngàn ti kún. Bọ̀sẹ̀ jókòó lápá òsì ìyá rẹ̀, àwọn ọmọkùnrin méjèèjì jókòó lápá ọ̀tún. Wọ́n há a sáàárín bí ẹrù tó ti wà nínú ọkọ̀ Èkó. Èmi wà lẹ́yìn wọn gan-an. Bàbá Olókùn Mẹ́fà mú máìkì. Ó kí wa kú ọdún, kú ìyèdún, ó wá ní, "Obìnrin kan ní Ìtòkú sọ fún mi pé ọbẹ̀ wa ti kan. Ìyá Rúkà, dìde kí wọ́n rí ẹ! Lọ́dún yìí, a ti da gbogbo orin rú nítorí ẹ."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo dìde, mo yọ eyín síta bí ẹran tí wọ́n fẹ́ pa. Ìyá Bọ̀sẹ̀ rọra yí ọrùn padà.

"Ìwọ ni?"

"Èmi ni."

"Orin keje ńkọ́?"

"Mi ò mọ ibi tó wà mọ́."

Ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, eyín rẹ̀ ò ṣí. Ó ní òun ò lè dìde láàárín àwọn ọmọ òun, kí n lọ wá bàbá náà rí kó tó ka méje, kí n ní kó jókòó jẹ́jẹ́. Mo ní kó pè é. Ó ní fóònù bàbá wà nílé, ó fi í sílẹ̀ kó má baà dún láàárín eré. Mo ní báwo ni mo ṣe máa wá dá a mọ̀?

"Fìlà àdìrẹ ló dé."

Fìlà àdìrẹ! L'Abẹ́òkúta! Lọ́jọ́ ọdún! Mo wo gbọ̀ngàn yíká, àfi bí ẹni pé wọ́n da aró sórí gbogbo ọkùnrin ibẹ̀. Ìdajì nínú àwọn fìlà yẹn, èmi ni mo tà á!

Mo gba àárín àga wọlé. Ìgbà yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin àkọ́kọ́. Kí ni wọ́n kọ? Orin ìyá Bàbá Olókùn Mẹ́fà! Orin kẹrin ti tẹ́lẹ̀ ló fi ṣíde. Kò sẹ́ni tó lè jáde, torí kò sẹ́ni tó mọ èyí tó kàn. Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá ò dijú. Ó lajú sílẹ̀ kedere, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín mi: mo dúró láàárín ọ̀nà, mo gbàgbé ẹni tí mò ń wá. Apá kan wà láàárín orin náà tí ìyá ti ń pè é látòkè odò pé kó wá jẹun, gìtá á sì máa dáhùn bí ọmọ tí kò fẹ́ wálé. Mi ò gbọ́ apá yẹn rí láyé mi! Gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń kọ ọ́, ẹ̀pà àti bọ̀ọ̀lì ni mo ń jẹ nígbà náà. Omi bọ́ lójú mi.

Orin kejì ló jí mi. Mo nu ojú, mo mú iṣẹ́ ṣe. Mo tẹ̀ sí ọkùnrin kan tó dé fìlà, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ wá tìtorí Ìyá Bọ̀sẹ̀?" Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló dáhùn: "Ìyá Bọ̀sẹ̀ wo?" Háà, mo ti bọ́ síbòmíràn! Mo bi ẹnì kejì. Ó ní bó bá jẹ́ oúnjẹ ló wà níbẹ̀, òun gan-an ni. Ẹnì kẹta ní Owódé lòun ti wá, òun ò mọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí Ìyá Bọ̀sẹ̀ bá rẹwà, kí n júwe rẹ̀.

Bí orin karùn-ún ṣe ń lọ, ẹnì kan fà mí ní ìró látẹnu ọ̀nà. Obìnrin tó ń ta bọ̀ọ̀lì ni! Inú ń bí i. Ó ní kí n jọ̀ọ́, ṣé ìkẹrin ti kọjá ni àbí kò tíì dé, torí bọ̀ọ̀lì òun ti ń di èédú, òun ò sì rí ẹnì kan. Mo ní kó lọ bi Ọlọ́run rẹ̀. Ta ni mo tún máa sọ pé ó ṣe é?

Orin kẹfà dé. Mo ń fi ìka kà, mo ń ṣàdúà pé kí èyí tó kàn jẹ́ orin jẹ́jẹ́ yẹn, Ọlọ́run ṣáà lè ṣe é. Wọ́n parí ìkẹfà. Bàbá Táyé gbé igi ìlù sókè, ó sì fi í lu ìlù gbàmù! Orin tó yẹ kó gbẹ̀yìn ni. Orin ẹ̀fẹ̀ ni, nípa bàbá àgbà kan tó ń wọ ṣòkòtò ọmọ ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọge, tí gbogbo wa máa ń pariwo gbè é pé, "Bàbá, ṣòkòtò yẹn fún jù!"

Lápá kejì gbọ̀ngàn, lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí mi ò tíì dé rárá, ọkùnrin gíga kan dìde. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó ń bọ̀. Ó ń gbé ẹsẹ̀ sókè bí ẹni tó ń ré ebè kọjá.

Ẹ̀yin èèyàn, gbogbo gbọ̀ngàn rò pé wọ́n fi í kún eré ni! Wọ́n ń nawọ́ sí i, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń pariwo pé ṣòkòtò yẹn fún jù. Ṣòkòtò rẹ̀ ò tiẹ̀ fún! Mo ń ké pè é látibi tí mo wà, mo ní, "Bàbá! Ẹ padà! Kì í ṣe òun!" Ta ló fẹ́ gbọ́ mi? Bàbá ò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Òógùn bo gbogbo ojú rẹ̀. Èèyàn tí ẹnu rẹ̀ máa ń pa dé níwájú ẹni mẹ́ta, gbogbo ayé ló wá ń fi í rẹ́rìn-ín yìí, ó ṣì ń bọ̀!

Ó dé iwájú Ìyá Bọ̀sẹ̀, ó dúró. Èmi náà ti sáré padà dé ẹ̀yìn wọn. Àkọ́bí ọkùnrin dìde. Ó ní Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ibí kọ́ lẹ ti ń ṣeré, ẹ lọ síwájú. Bàbá Ògúndélé ò tiẹ̀ wò ó. Ó na ọwọ́ sí obìnrin náà. Ó wá sọ̀rọ̀ sókè bí ẹni tó ń pe ará oko kejì.

"Mo kà á, ó pé méje."

Mo wo ojú Ìyá Bọ̀sẹ̀. Ó lè sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n rí o! Kò kúkú sí orin keje níbẹ̀, orin ẹ̀fẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bọ̀sẹ̀ ń wò ó lójú. Àwọn ọmọkùnrin ń wò ó lójú. Ó wo ọwọ́ bàbá náà títí, ó ṣe bí ẹni pé kò ní mú un. Ó wá dìde, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ tí aró ti wọ̀ lára dúdú sínú rẹ̀.

"Ó pé," ló ní. "Ó pé méje."

Wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń jó o, orin ẹ̀fẹ̀ sì ń sáré lórí wọn bí òjò. Ibẹ̀ ni Bàbá Olókùn Mẹ́fà, tó lajú sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, ti rí wọn. Ó gbé ọwọ́ kan sókè sí Bàbá Táyé. Ìlù rọlẹ̀. Gìtá rọlẹ̀. Orin ṣòkòtò kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, wọ́n ń kọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ sùn! Mi ò mọ̀ pé ó lè dùn bẹ́ẹ̀. Màmá arúgbó kan lẹ́yìn ló kọ́kọ́ yé. Ó kígbe, "Orin keje rè é o!" Ni gbogbo gbọ̀ngàn bá hó yèè! Àwọn ọkùnrin mìíràn ń dìde, wọ́n ń na ọwọ́ sí obìnrin.

Bọ̀sẹ̀ la ẹnu sílẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá Rúkà, ta nìyẹn?"

Mo ní, "Ẹni tó ń gbé láfún wá ni. Ẹ yáa wá ọmọ ọ̀dọ̀ l'Ékòó."

Orin jẹ́jẹ́ ti tẹ́lẹ̀ wá bọ́ sí ìkọkànlá lọ́jọ́ náà. Ṣé ẹ rò pé Ìyá Bọ̀sẹ̀ gbọ́ ọ? Òun àti bàbá ti wà níta, wọ́n ń jẹ bọ̀ọ̀lì tó jóná.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Ìyá Bọ̀sẹ̀ ò fi bá mi sọ̀rọ̀. Tó bá fẹ́ sọ nǹkan, oníbàárà ló máa ń rán sí mi pé kí wọ́n bá òun kí aládùúgbò òun tó ń tún orin ìlú tò. Bọ̀sẹ̀ náà lejú mọ́ gbogbo wa títí di ọjọ́ kìíní ọdún. Ó wá dìde lọ́jọ́ náà, ó bi Bàbá Ògúndélé pé yàrá mélòó ló wà nílé rẹ̀, ṣé omi wà níbẹ̀, ṣé ìyá òun á lè máa lọ ọjà òun láti ibẹ̀. Bàbá fi ìka dáhùn gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin tẹ̀ lé e dé Ọ̀dẹ̀dá lọ wo ilé, láfún àti òkété ni wọ́n gbé bọ̀. Wọ́n padà sí Èkó láìgbé ìyá. Ìyá Bọ̀sẹ̀ ṣì wà ní Ìtòkú, ó ń ti ọwọ́ bọ aró rẹ̀.

Nígbà tó wá bá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kẹrin, ó ní bàbá ní kóun kí mi. Ó ní bàbá ní òun gbọ́ orin jẹ́jẹ́ tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀ yẹn látìta, àti pé, kí wọ́n má bínú o, ti ṣòkòtò dùn jù ú lọ.

Ó dáa, ṣé kí àwọn olórin tó ti dàgbà máa yí orin wọn padà ni, àbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà? Mo ti rò ó lórí àga mi títí. Bí Bàbá Olókùn Mẹ́fà ò bá yí i, èmi ì bá kú láìgbọ́ orin ìyá rẹ̀. Ìyẹn ì bá sì jẹ́ àdánù ńlá fún mi. Ṣùgbọ́n orin tí àwọn èèyàn ti ń fi ṣe nǹkan nínú ayé wọn, tí wọ́n fi ń fẹ́ ara wọn, kì í ṣe ti olórin nìkan mọ́. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e kúrò láyè ẹ̀, ẹ pariwo ẹ̀ ṣáájú, kí ẹni tó ń kà á lè gbọ́! Ohun tí mo sọ fún Bàbá Olókùn Mẹ́fà nìyẹn nígbà tó wá kí mi. Ó ní òun á rò ó wò, ṣùgbọ́n kí n má fún òun ní ìmọ̀ràn mọ́ lọ́dún yìí.

Ẹ̀kọ́ tèmi sì rè é: kí o tó ní kí wọ́n yọ òpó kan nínú ilé, kọ́kọ́ wo ẹni tó fẹ̀yìn tì í. Òpó náà lè ti gbó, ó lè má dùn-ún wò, ṣùgbọ́n ẹnì kan lè wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ìwọ ò rí.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé olórin kan ti gbé orin tí ẹ gbójú lé kúrò láyè ẹ̀ rí? Ṣé ó ba nǹkan jẹ́ fún yín ni àbí ó tún un ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, ẹ má jẹ́ kó ṣe èmi nìkan. Láàárín oníbàárà kan sí èkejì ni mo máa ń kà á, mo sì gbọ́dọ̀ kà á sókè, torí Ìyá Bọ̀sẹ̀ ti ń gbá ògiri láti ọ̀hún, ó ní kí lẹ wí.